Tábìlì ìkún àti ìfà omi òkun ò yé mi: ìgbà wo ni ká kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lọ sétíkun?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìdílé wa ń múra láti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan tó wà létí òkun. Àgbà mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta ni wá, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Onílé tá a máa dé sí fi àwòrán tábìlì kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n kọ ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà sí i lójoojúmọ́. Mo wò ó síwá sẹ́yìn, kò yé mi.

Èkíní, àkókò inú tábìlì yẹn àti ti áàpù tó wà lórí fóònù mi ò bára mu. Tábìlì ní omi máa kún ní 9:40 àárọ̀ ọjọ́ tá a máa dé, áàpù ní 10:40 ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi wákàtí kan gbáko yàtọ̀ síra láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Èkejì, wọ́n kọ 5.8 m sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkún, wọ́n kọ 0.9 m sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfà. Ṣé omi máa jìn tó bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ á ti máa ṣeré ni? Ẹ̀rù bà mí o.

Èkẹta, àwọn ọmọ fẹ́ wá akàn nínú kòtò omi àárín àpáta. Ọkọ mi fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja. Èmi fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo wa tún fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ní èèyàn lè rìn dé bí omi bá ti fà. Ṣé ìgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀, àbí kálukú ló ní àkókò tiẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Ọmọ Etídò

Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Omi máa ń fi wákàtí mẹ́fà kún, ó máa ń fi wákàtí mẹ́fà fà. Ẹ wo ìgbà tó bá fà tán, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ ti ní wákàtí mẹ́fà gbáko nìyẹn kó tó padà dé. Bí mo ṣe ń ṣe é látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ọmọ Etídò, ẹ jẹ́ n dá yín dúró níbẹ̀, torí ọmọdé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí omi bá fà tán, ó ti ń padà bọ̀ nìyẹn. Kò sí wákàtí mẹ́fà kankan.

Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, láti ìkún kan sí ìkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Bí ayé ṣe ń yí, òṣùpá náà ò dúró lójú kan, torí náà ó máa ń gbà tó wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 kí ibi tẹ́ ẹ dúró sí tó tún dojú kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àkókò ìkún fi ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Isaac Newton ti ṣàlàyé lọ́dún 1687 pé agbára òòfà òṣùpá àti ti oòrùn ló wà nídìí rẹ̀. Oòrùn tóbi ju òṣùpá lọ fíìfíì, àmọ́ ó jìnnà débi pé ipá tó ń sà lórí omi òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá.

Ohun tó yẹ kí Ìyá Ìbejì mú dání gan-an nìyí: omi kì í gòkè bákan náà ní wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn atukọ̀ máa ń pín gbogbo gíga tó máa gòkè sí ọ̀nà 12. Ní wákàtí kìíní, ìpín 1 ló máa gòkè. Ìkejì, ìpín 2. Ìkẹta, 3. Ìkẹrin, 3. Ìkarùn-ún, 2. Ìkẹfà, 1. Ìṣirò ojú ìwọ̀n ni, kì í bá gbogbo ibi mu régé, ṣùgbọ́n ó wúlò. Tiyín, láti 0.9 sí 5.8, jẹ́ mítà 4.9. Ní wákàtí kìíní omi máa gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 40. Ní wákàtí kẹta nìkan, ó ti lé ní sẹ̀ńtímítà 120. Ẹni tó bá jókòó sórí ẹní ní wákàtí àkọ́kọ́ á máa rò pé òkun ti gbàgbé òun. Ìgbà tó bá di wákàtí kẹta ni yóò mọ̀ pé kò gbàgbé.

Bí iyanrìn náà bá tún tẹ́ pẹrẹsẹ, ká ní ó ń fi mítà 1 péré rẹlẹ̀ nínú mítà 100, sẹ̀ńtímítà 120 yẹn túmọ̀ sí pé omi máa wọ́ bọ̀ ní mítà 120 láàárín wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ mítà 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àgbà á sá a. Àgbà tó gbé ọmọ kan, tó fa ìkejì lọ́wọ́, tó tún ń wá bàtà ẹnì kẹta kiri nínú iyanrìn ńkọ́?

Ní ti 5.8 m, kì í ṣe ìjìn omi níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ìwọ̀n kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá tí omi lè fà dé, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Bí ibi tẹ́ ẹ tẹ́ ẹní sí bá fi mítà 5 ga ju ìwọ̀n yẹn lọ, omi tó máa dé ibẹ̀ nígbà ìkún jẹ́ sẹ̀ńtímítà 80. Ìyẹn náà á mu ọmọ ọdún mẹ́rin dé àyà o.

Arìnrìnàjò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti wákàtí kan yẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru. Ọ̀pọ̀ tábìlì ìkún omi ni wọ́n máa ń tẹ̀ lórí aago tí wọn ò tíì sún láti January dé December, kó má baà dà rú. Fóònù yín ní tiẹ̀ ti bá yín sún un. Torí náà àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Ẹ wo òkè tábìlì yẹn tàbí etí rẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ aago tí wọ́n lò sí i.

Ká ní ìṣẹ́jú 20 tàbí 35 ni wọ́n fi yàtọ̀ síra ni, ohun tí mo máa sọ kọ́ nìyẹn. Á jẹ́ pé èbúté ọ̀tọ̀ ni áàpù yín ń kà. Àwọn áàpù kan máa ń mú èbúté tó súnmọ́ jù, ó sì lè wà ní ẹnu odò kejì níbi tí omi kì í ti í kún ní àsìkò kan náà. Ẹ yẹ orúkọ èbúté náà wò kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ọmọ Etídò

Tíṣà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ni mo pa. Etí òkun Mẹditaréníà ni mo gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tá a bá tẹ́ ẹní sí láàárọ̀, ibẹ̀ náà la máa bá a lálẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í wo tábìlì níbẹ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ẹ ò purọ́. Mẹditaréníà ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí òkun yẹn ká tán, ọ̀nà tóóró Gibraltar ló so ó mọ́ Àtìláńtíìkì, torí náà ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ìyàtọ̀ ìkún àti ìfà kò tó ìdajì mítà. Ẹ lọ sí Bay of Fundy ní Kánádà kẹ́ ẹ wò ó, ó lè tó mítà 16 níbẹ̀. Àwọn apá kan wà ní Gulf of Mexico tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lomi ń kún lóòjọ́. Ìrírí yín bá etíkun yín mu. Mítà 4.9 ni ti Ìyá Ìbejì.

Ọ̀rẹ́ Òkun

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ wo òṣùpá. Àsìkò àrànmọ́jú nìkan lomi máa ń kún àkúnjù. Bí òṣùpá ò bá sí lójú ọ̀run, kí ọkàn yín balẹ̀.

Bàbá Oníwọ̀

Ọ̀rẹ́ Òkun, ó kù díẹ̀ káàtó. Àrànmọ́jú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé, tí ojú ọ̀run dúdú kirikiri, omi máa ń kún bákan náà. Ní àsìkò méjèèjì yìí, oòrùn, ayé àti òṣùpá wà lórí ìlà kan, òòfà oòrùn ń kún ti òṣùpá lọ́wọ́. Omi á gòkè gan-an, á sì fà jìnnà gan-an. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, tí òṣùpá jẹ́ ìlàjì, kì í kún púpọ̀, kì í sì í fà púpọ̀. Kì í sì í ṣe ọjọ́ àrànmọ́jú gan-an ló ń kún jù ní ọ̀pọ̀ ibi, ó máa ń tó ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù March àti September ló máa ń le jù nínú ọdún.

Ẹ tún dákun, ẹni tó bá ń wo òṣùpá kó máa wo tábìlì mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì

Áà, ẹ ṣé gan-an! Ọ̀rọ̀ aago ti yé mi, ó wà lókè tábìlì yẹn lóòótọ́, mi ò kàn ka ibẹ̀ ni. Ọjọ́ tá a máa dé sì bọ́ sí ọjọ́ kejì àrànmọ́jú. Ó dà bíi pé inú ìkún ńlá la máa bọ́ sí nìyẹn. Erékùṣù yẹn ló wá ń ká mi lára báyìí. Wọ́n ní ìrìn ìṣẹ́jú 20 ni.

Ẹ̀ṣọ́ Etíkun

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun ni mo ṣe kí n tó fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí erékùṣù yẹn, kí n tó bọ́ sórí lílúwẹ̀ẹ́.

Tíṣà ń ṣe ìṣirò bíi pé iyanrìn tẹ́jú láti ilẹ̀ dé erékùṣù. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìṣàn máa ń wà láàárín ọ̀nà tó rẹlẹ̀ ju ibi tó kù lọ, ẹ lè máà fura sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, torí omi ibẹ̀ ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Bí omi bá ń padà bọ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà wọlé. Ẹ̀yin á wà lórí iyanrìn gbígbẹ, ẹ á máa wo ìgbì lọ́ọ̀ọ́kán níwájú yín, lẹ́yìn yín ló ti gé yín mọ́. Ní Morecambe Bay ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2004, ó kéré tán èèyàn 21 tó ń wa ohun ìkarahun nínú iyanrìn ló bá omi lọ nígbà tí òkun wọlé. Àgbàlagbà tó lágbára ni wọ́n.

Ní Lindisfarne, erékùṣù kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, títì ọkọ̀ ló gba orí iyanrìn kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń bò ó. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan sórí òpó gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà fún ẹni tí omi bá ká mọ́. Wọ́n gbé àkókò tí èèyàn lè kọjá síta fún gbogbo ayé kà. Síbẹ̀ omi ṣì ń ká ọkọ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo rí tí omi ká mọ́ nígbà iṣẹ́ mi ló mọ àkókò, wọ́n kàn ní "ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i" ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbéra ní àkókò tí tábìlì sọ pé omi fà tán. Ṣáájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbéra, nígbà tí omi ṣì ń lọ. Àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yíjú padà sílé. Bí omi bá gé yín mọ́ orí erékùṣù, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má ṣe dá a lábàá láti sáré kọjá, kódà bí omi bá dà bí èyí tó mọ sí orúnkún. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rì sínú ẹrẹ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè tàn ká, kó máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ. Ẹni tó bá dúró lé e tó ń fi agbára fa ẹsẹ̀ á túbọ̀ máa rì.

Lílúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ẹ lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ẹ̀ṣọ́ wà. Àsíá pupa àti yẹ́lò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbi méjì, àárín wọn ni kẹ́ ẹ wà. Àsíá pupa nìkan, ẹ má wọ omi. Ohun ìṣeré tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ fi í sílé bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú omi. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òkun máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó máa ń wu ọmọdé, ohun ìṣeré náà á sì ti gbé ọmọ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lè tẹ̀lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kígbe.

Ọ̀rẹ́ Òkun

Ẹ̀ṣọ́, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ omi tó ń fani lọ sójú agbami. Wọ́n ní ńṣe ló ń fa èèyàn wọ ìsàlẹ̀. Bó bá mú èèyàn, kó yíjú sétíkun kó sì fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ padà.

Ẹ̀ṣọ́ Etíkun

Ẹ máà gba ìmọ̀ràn yẹn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á!

Kì í fani wọ ìsàlẹ̀. Orí omi níbẹ̀ ló ti ń fani lọ síwájú. Omi tí ìgbì dà sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, ibi tóóró kan ló máa ń gbà padà, òun ló ń ṣàn bẹ́ẹ̀. Nígbà míì ó lè yá ju ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje Òlíńpíìkì lọ, kí wá ni tèmi tìrẹ? Ẹni tó bá ń bá a jìjàdù, àárẹ̀ ló máa pa á. Wọ́n kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó mọ odò wẹ̀ ni odò ń gbé lọ.

Ẹ má bẹ̀rù, ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Bẹ́ ẹ bá lágbára, ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí ẹ máa fi jáde kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá yíjú sílẹ̀. Láti orí ilẹ̀, ẹ lè dá a mọ̀: àyè kan tí ìgbì ò ti fọ́ láàárín ibi méjì tó ti ń fọ́, tí àwọ̀ omi ibẹ̀ ṣú tàbí tí iyanrìn àti koríko òkun ń bá a jáde lọ. Ibi tó dákẹ́ yẹn ni àlejò máa ń yàn fún ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ó máa ń le sí i nígbà tí omi bá fà, torí náà àárín ìfà kọ́ ni màá yàn fún lílúwẹ̀ẹ́ yín.

Bàbá Oníwọ̀

Ti ọkọ yín ló kù. Kó ju ìwọ̀ nígbà tí omi bá ń kún, láti nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú ìkún títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja máa ń bá omi wọlé wá jẹ ohun tó wà lórí iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Bí omi bá dúró tí kò lọ tí kò bọ̀, ẹ lè fi ìyẹn jẹun.

Ọmọ Etídò

Bàbá, ẹ̀yí ni mo mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ n jà. Lẹ́nu odò, ìgbà tí omi bá ń fà ló dáa jù. Omi tó ń jáde ló ń kó edé àti ẹja wẹẹrẹ bọ̀ wá, ẹja ńlá á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni.

Bàbá Oníwọ̀

Ẹnu odò, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n àpáta ni Ìyá Ìbejì ń sọ. Lórí àpáta, kó kọ́kọ́ dúró lókè fún ìgbà díẹ̀ kó máa wo ìgbì, torí èyí tó tóbi jù kì í tètè dé, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ kéékèèké ló máa ń bọ̀. Ibi tó bá tutù tó sì ń yọ̀, ìgbì ń dé ibẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì dé lójú rẹ̀. Kó má kọ ẹ̀yìn sí òkun. Kó wọ ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó. Kó mọ ọ̀nà tó máa gbà padà kí omi tó bò ó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ọmọ sí kòtò àárín àpáta, bàtà tí atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí wọ́n wọ̀. Ní àwọn etíkun kan, ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní weever, ó máa ń sin ara rẹ̀ sínú iyanrìn nígbà tí omi bá fà, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oró. Bó bá gún ọmọ, ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó gbóná dé ibi tí ara lè gbà, kó má bó o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín dán an wò, ẹ má gbára lé ẹsẹ̀ tó ń ro ọmọ.

Jellyfish, ìyẹn ẹran òkun tí ara rẹ̀ rọ̀, tó ní fọ́nrán tó ń tani, ṣì lè ta èèyàn bó bá ti kú sórí iyanrìn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi igi gbé e sáré lé ara wọn.

Ọ̀rẹ́ Òkun

Jellyfish kì í ṣe nǹkan. Ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ dà sí i, á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọ̀rẹ́ Òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ! Ìtọ̀ ò ṣe nǹkan kan, ó sì lè mú kí oró tó kù lára awọ jáde sí i. Omi òkun ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré (tweezers) yọ fọ́nrán tó bá lẹ̀ mọ́ ara kúrò, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ọtí kíkan (vinegar), ó ń ṣiṣẹ́ fún irú kan, ó ń bá irú míì jẹ́, torí náà ẹ bi ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ léèrè èyí tó wà nínú òkun wọn. Bí mímí bá ṣòro fún ọmọ, tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn tààrà.

Ohun ìkarahun tí ẹ bá ṣà, ẹ má sè é jẹ láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ó dáa. Oró kan máa ń wọ inú rẹ̀ láti ara àwọn ohun wẹẹrẹ inú òkun, iná kì í pa á.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ẹ jẹ́ n ya bàrá díẹ̀. Ìfà tá à ń sọ níbí máa ń gba wákàtí. Bí òkun bá ṣàdédé sá sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí tó ń hó tó ń ṣe bí kì í ti í ṣe, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òṣùpá. Ẹ sá lọ sórí òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004 ní Phuket ní orílẹ̀-èdè Thailand, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan tó ti kọ́ nípa tsunami, ìyẹn ìgbì ńlá tí ìmìtìtì ilẹ̀ lábẹ́ òkun sábà máa ń fà, ní kíláàsì jọ́gíráfì ló rí i pé òkun ò ṣe dáadáa, ó pariwo, wọ́n sì kó èèyàn kúrò létíkun náà. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń sùn.

Ìyá Ìbejì

Ọlọ́run á bùkún fún gbogbo yín. Ohun tí mo wá ṣètò nìyí, lórí aago fóònù. Ọjọ́ kìíní, ìkún 10:40, ìfà 16:55. Mo rí i pé ó ń sún lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ keje, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ lomi máa fà. Mo wá ní ká fi erékùṣù sí ọjọ́ keje, ká lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Gíga ọjọ́ yẹn tiẹ̀ kéré, ìkún 4.3 m, ìfà 2.2 m. Ó dà bíi pé omi ò le lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Oníwọ̀

Ẹ dúró o. Ọjọ́ keje, omi ò ní kún púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fà púpọ̀ pẹ̀lú. 2.2 m ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà erékùṣù yẹn lè máà yọ síta rárá. Ẹ bi onílé yín: omi gbọ́dọ̀ fà dé mítà mélòó kí ọ̀nà tó yọ?

Ìyá Ìbejì

Mo ti pè é. Ó ní ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 1.5 m lọ. Ọjọ́ keje ti bọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kejì, ìkún 11:25 jẹ́ 5.7 m, ìfà 17:40 jẹ́ 1.0 m. Oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yìí, ó ní ilẹ̀ ò ní ṣú kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ọjọ́ kejì dáa. Mítà 4.7 ni ìyàtọ̀ ọjọ́ náà, torí náà omi á fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 40 gòkè ní wákàtí kìíní lẹ́yìn ìfà. Yóò dé 1.5 m ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ṣáájú ìfà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀nà máa yọ síta láti nǹkan bíi 16:35 títí di 18:45, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbéra ní 16:50, ẹ débẹ̀ ní 17:10, ẹ yíjú padà ní 17:40 láìwẹ̀yìn.

Arìnrìnàjò

Kẹ́ ẹ wo ojú ọjọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó lọ. Tábìlì ò mọ̀ nípa afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ líle bá ń ti omi bọ̀ wá sílẹ̀, tàbí tí ìwúwo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run bá lọ sílẹ̀ gan-an, omi máa ga ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Hectopascal kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ yẹn) tó bá lọ sílẹ̀ ń gbé òkun ga ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan. Ìjì á ṣe ju ìyẹn lọ dáadáa, ọ̀nà yín sì lè máà yọ tó bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ Etíkun

Mo fara mọ́ àkókò yẹn, ṣùgbọ́n àgbà kan lára yín ni kó máa wo aago, kó má ṣe nǹkan míì, kó má ya fọ́tò. Ẹ sọ fún onílé pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, kó lè pe àwọn agbẹ̀mílà bí 18:30 bá lù tí kò rí yín. Kí fóònù kún fún iná, kó wà nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Kí àgbà kan gbé ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ìṣẹ́jú 20 yẹn jẹ́ 20. Kòtò tí àwọn ọmọ bá wà sínú iyanrìn kò gbọ́dọ̀ jìn ju orúnkún èyí tó kéré jù lọ, torí iyanrìn máa ń ya lé èèyàn lójijì. Kẹ́ ẹ sì dí i kẹ́ ẹ tó lọ.